Èébú Ìbàdàn

Ní Ògùnpa, ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ gbóná láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Odò tí àdúgbò náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ń wọ́ lọ nísàlẹ̀, láàárín ògiri kọnkéré tí ìjọba mọ fún un, odò kan náà tó ya wọ ìgboro ní 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tó sì gbé ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ. Lókè, ọkọ̀ akérò dúró síbi tí kò yẹ, alábàárù gbé ìdì aṣọ sórí, ó ń pariwo "ẹ yàgò", ọlọ́kadà ń wá àyè gbà láàárín èrò, ìyá olókìrìkà sì ti tẹ́ ọjà rẹ̀ dé ojú títì. Kò ní ṣàìsí ẹni tí yóò tẹ ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀. Ẹni tí wọ́n tẹ̀ kò ní sáré gbé ẹsẹ̀ kúrò. Á kọ́kọ́ wo ẹni tó tẹ̀ ẹ́ láti orí dé àtàǹpàkò, wíwò ọ̀hún a sì máa pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò la ẹnu, tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ìròyìn yẹn là ń pè ní èébú. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì ní fi ìfẹ́ náà pa mọ́. Àwọn tí kò mọ Ìbàdàn a máa sọ pé ẹnu ará ibẹ̀ dọ̀tí, pé wọn kò kọ́ ọmọ wọn nílé. Lójú tèmi, nínú gbogbo iṣẹ́ tí à ń fi ẹnu ṣe nílẹ̀ Yorùbá, èébú wà lára èyí tó ń gba ojú, etí àti ọpọlọ jù lọ. Ẹ̀kọ́ ilé sì wà nínú rẹ̀ púpọ̀, nítorí kò sí ọmọ Ìbàdàn tó dàgbà dáadáa tí kò mọ ẹni tí a lè bú, ibi tí a lè bú u dé, àti ọjọ́ tí a lè ṣe é.

Ẹ wo bí wọ́n ti ń hun ún. Kọ̀ńdọ́ kan tó ga, tó sì rí tẹ́ẹ́rẹ́, kò fẹ́ dá ṣéńjì padà fún ọmọge kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọge náà ní: "Wo ẹsẹ̀ ẹ, gbọ̀ọ̀rọ̀gbọ̀ọ̀rọ̀ bí òpó Mápó, kò sì gbé ilé kankan dúró." Kọ̀ńdọ́ náà dá a lóhùn: "Ìwọ tí orí ẹ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí òrùlé Bẹẹrẹ, tí àlejò ń gun òkè wá wò." Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, awakọ̀ gan-an rẹ́rìn-ín, ṣéńjì sì jáde. Gbogbo ìlú ló wà nínú gbólóhùn méjèèjì yẹn. Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929 wà lórí òkè pẹ̀lú àwọn òpó ńláńlá rẹ̀, kò sì sí ọmọ Ìbàdàn tí kò mọ̀ wọ́n. Láti orí òkè náà, ohun tí ojú ń kọ́kọ́ rí ni òrùlé páànù tó ti dípẹtà, tó tẹ́ lọ rẹrẹ láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, títí dé apá Bẹ́yẹrúnkà. Ọmọge náà kò ya ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó wo ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀, ó wo ìlú tó bí i, ó sì so àwọn méjèèjì pọ̀ kí ọkọ̀ tó dé ibùdókọ̀ tó kàn.

Èyí ni mo kà sí ìpìlẹ̀ èébú Yorùbá: àpèjúwe ni. Abúni ní láti rí ẹni tó ń bú. Ẹni tó bá sọ fún ènìyàn kúkúrú pé ó ga jù kò bú ẹnikẹ́ni, ṣe ni àwọn tó ń gbọ́ yóò máa wò ó pé kí ló dé. Nítorí náà abúni tó dáńgájíá a máa fojú sílẹ̀. Ó mọ ẹni tí etí rẹ̀ ṣú jáde, ó mọ ẹni tó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀, ó mọ ẹni tó máa ń fi ahọ́n la ètè kó tó purọ́.

Èdè wa sì ti pèsè irinṣẹ́ sílẹ̀ fún un. Ẹ tẹ́tí sí àwọn ọ̀rọ̀ tí à ń fi í ya àwòrán: rògòdò, bìrìkìtì, rọ̀bọ̀tọ̀, gbẹ̀gẹ̀dẹ̀, ràgòdò, wúruwùru, jágbajàgba. Ohùn ìsàlẹ̀ ló ń sọ pé nǹkan tóbi, tó sì wúwo. Bí a bá gbé ohùn kan náà sókè, nǹkan náà á kéré lójú ẹsẹ̀. Ojú rògòdò ni ojú ńlá tó yọ síta, ṣùgbọ́n ojú rógódó kò ju èso kékeré lọ. Ẹni tó rí rọ̀bọ̀tọ̀ sanra, ó sì gba àyè. Ẹni tó rí rọ́bọ́tọ́, ọmọdé ni, tàbí àgbà tí à ń fi wé ọmọdé. Nítorí náà abúni lè fi ìró ohùn nìkan sọ ọkùnrin gàgàrà kan di ohun tí ẹ̀wà kan lè bò mọ́lẹ̀, kò sì pààrọ̀ ọ̀rọ̀ rárá. N kò mọ iṣẹ́ ọnà tó kéré ní ìnáwó tó báyìí. Kò gba ìlù, kò gba aṣọ, kò gba pẹpẹ. Ohùn ni.

Ìbàdàn tún ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ti ń pe "ṣ" kó tẹ̀ dáadáa, ọmọ Ìbàdàn a máa pè é bí "s". Olóṣì di olósì, aláṣejù di alásejù, ìṣẹ́ di ìsẹ́. Àwọn ará ìta a máa fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní ahọ́n Ìbàdàn kò yọ. Ẹ sọ ọ́ sókè kí ẹ gbọ́: olósì. Ọ̀rọ̀ náà já wẹ́rẹ́ láàárín eyín, kò fara kan nǹkankan lọ́nà. Fún ohun tí wọ́n ń lò ó fún, ó dára bẹ́ẹ̀.

Kò yẹ kó yani lẹ́nu pé ìlú yìí ló mọ̀ ọ́n ṣe. Àgọ́ ogun ni Ìbàdàn tí a mọ̀ lónìí ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1829, nígbà tí àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí apá Ọjà'ba. Àwọn tí kò sí baba kan náà láàárín wọn, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè fi adé baba rẹ̀ dẹ́rù ba ẹlòmíràn, ohun tó kù fún wọn ni apá àti ẹnu. Sámúẹ́lì Johnson, tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, kọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú àwọn orin tí ọmọ ogun fi ń gan ara wọn láyé ogun abẹ́lé. Oríkì ìlú náà pàápàá kò fi nǹkan pamọ́: wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ olè àti ẹjọ́ tó yí dà ki Ìbàdàn, ọmọ onílùú a sì máa gbọ́ ọ, a máa wú, a máa ju owó sílẹ̀ fún akéwì. Ìlú tó lè gbọ́ àléébù ara rẹ̀ nínú oríkì kó sì tún jó sí i, irú ìlú bẹ́ẹ̀ kì í sá fún èébú.

Ṣùgbọ́n ààlà wà, ọ̀rọ̀ ààlà yìí ló sì ṣe pàtàkì jù lọ sí mi. Èébú yàtọ̀ sí èpè. Ẹni tó bú ọ fẹ́ kí àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ṣépè fún ọ fẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí ọ nígbà tí ẹ̀rín bá ti tán. Bí ìjà ọjà bá ti kúrò ní "wo orí ẹ" tó sì dé "kò ní dáa fún ẹ", àwọn ìyá tó ti ń rẹ́rìn-ín á dìde, wọ́n á ní "ó tó, ó tó", wọ́n á fi ọwọ́ bo ẹni náà lẹ́nu. Àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà tí kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí. A kì í pe obìnrin ní àgàn. A kì í mẹ́nu ba ọmọ tó kú. A kì í fa àrùn ìdílé jáde láàárín èrò. "Ọmọ àlè" ti fọ́ agboolé, ó ti dá ogún sílẹ̀ láìpín. "Ìyá ẹ" ń jáde lójoojúmọ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́, wọ́n sì ń dá a padà pẹ̀lú "ìyáláyà ẹ", ṣùgbọ́n kí ọmọdé sọ ọ́ sí àgbà, ìyẹn ti di ohun tí wọn yóò mú wá síwájú baálé, tí ìdọ̀bálẹ̀ àti ẹ̀bẹ̀ yóò tẹ̀ lé.

Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀: èébú àlọ ni ti ahun, àbọ̀ ni ti àna rẹ̀. Ahun jí iṣu àna rẹ̀ wà. Àna mú un, ó dè é mọ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà oko láàárọ̀. Gbogbo èrò tó ń kọjá lọ sọ́jà ló bú ahun, wọ́n ní olè, wọ́n ní aláìnítìjú, ó jí nǹkan àna. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́, ahun ṣì wà lórí ìdè, oòrùn ti pa á, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Àwọn èrò kan náà wá kọjú sí àna, òun ni wọ́n wá ń bú. N kò mọ àlàyé tó dára ju èyí lọ nípa èébú. Àwọn èrò ọjà náà kò ṣègbè. Wọ́n ń wo ìwọ̀n. Láàárọ̀, ahun ló kọjá ààyè rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, àna ló kọjá tiẹ̀. Ẹni tó bá ti kọjá ààyè ni ẹnu ń yí sí, ìbáà jẹ́ òun ni wọ́n kọ́kọ́ ṣẹ̀.

Ní ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún ni Ìbàdàn ń ká ààlà náà kúrò, ọjọ́ ọdún Òkè'bàdàn. Ìtàn ìlú sọ pé nígbà tí ogun fọ́ Ìbàdàn àkọ́kọ́, nítorí pé wọ́n tú àṣírí egúngún lójú ọjà, Lágelú, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó, àti àwọn díẹ̀ tó kù sá gun orí òkè. Kò sí oko, kò sí ọjà. Èso òro àti ìgbín ni wọ́n jẹ, ìkarahun ìgbín ni wọ́n sì fi mu ẹ̀kọ. Òkè náà dá wọn sí, wọ́n sì ń sìn ín títí di òní. Lọ́jọ́ ọdún náà, tó máa ń bọ́ sí oṣù Kẹta, àṣà ni pé kí a má dá iná nínú ilé: kò sí àdògán tó ń rú èéfín, ẹ̀kọ tútù ni mímu, ọjà ń wà ní títì. Abọkẹ̀, tó jẹ́ àwòrò òkè náà, yóò jáde láti súre fún ìlú àti àwọn ìjòyè. Àwọn èrò yóò sì tú síta lẹ́gbẹẹgbẹ́, pẹ̀lú igi àti ewé lọ́wọ́, wọn yóò máa kọrin.

Orin ọ̀hún kì í ṣe èyí tí mo lè kọ síhìn-ín, kò sì yẹ kí n kọ ọ́: ohun tó ní ọjọ́ tirẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ nìkan. Nǹkan ọkùnrin wà níbẹ̀, nǹkan obìnrin wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n, láìfi ewé bò ó. Ohun tí ọ̀kan ń ṣe pẹ̀lú èkejì wà níbẹ̀. Orúkọ olówó tó ń rẹ́ni jẹ lè wà níbẹ̀, ti olóṣèlú tó gba owó ìlú náà lè wà níbẹ̀, ìjòyè kò sì ju ẹni tí orin lè bá lọ. Ìyàwó ilé tó ń fi ìbòrí bojú lọ́jọ́ gbogbo á jáde sẹ́nu ọ̀nà, á gbe orin náà. Àgbà ọkùnrin tí a kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ á dá a sí wọn lẹ́nu. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ bínú. Ẹni tó bá bínú, òun ló jẹ̀bi.

Àwọn kan gbà pé ìsọkúsọ lásán ni, pé ọ̀làjú ti yẹ kó pa á rẹ́. N kò gbà. Ẹ wo òrìṣà tí wọ́n ń kọrin fún. Àtàgẹ́ Ọlọ́mú-orù ni wọ́n ń kì í, abiyamọ tí ọmú rẹ̀ tó orù omi. Bí o bá sọ fún ìyá kan ní Ògùnpa pé ọmú rẹ̀ tó orù, o ti bú u, o sì ní láti múra sílẹ̀ fún ohun tí yóò bá ọ lọ́nà. Orí òkè ni gbólóhùn kan náà ti di oríkì, nítorí ọmú tó tó orù lè fún odidi ìlú mu. Àwọn tó sá gun òkè náà kò ju ìwọ̀nba lọ; ọmọ ni wọ́n tọrọ, ọmọ ni wọ́n rí, ọmọ náà sì di Ìbàdàn. Àwọn ẹ̀yà ara tí orin náà ń dárúkọ ni ọ̀nà tí ọmọ gbà wá. Obìnrin tó ń wá ọmọ a máa tẹ̀ lé orin náà pẹ̀lú omijé lójú, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún un pé ìsọkúsọ ló ń sọ. Àdúrà ni.

Nínú ọ̀ràn yìí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe ìbúra àti ọ̀rọ̀ èérí, nítorí inú ìbúra ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ èérí wọn àtijọ́ ti jáde: wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ Ọlọ́run búra, wọ́n ń fi ọgbẹ́ rẹ̀ búra, títí àwọn ọ̀rọ̀ náà fi run sí wẹ́wẹ́ lẹ́nu wọn. Ẹ mú "bloody", èyí tí àwa mọ̀ dáadáa ju ìyókù lọ. Ẹ̀jẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀. Ìtàn kan sọ pé orúkọ Màríà ìyá Jésù ni wọ́n gé kúrú, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ èdè kò gbà á. Ohun yòówù kó jẹ́, ọ̀rọ̀ náà di èèwọ̀ láwùjọ àwọn ọlọ́lá. Ní 11 oṣù Kẹrin ọdún 1914, ní gbọ̀ngàn His Majesty's ní Lọ́ńdọ̀nù, obìnrin òṣèré kan, Mrs Patrick Campbell, tó ń ṣe ọmọge olódòdó nínú eré Pygmalion tí Bernard Shaw kọ, sọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún lórí ìtàgé. Ẹ̀rín àti ìyanu dá eré dúró. Ìwé ìròyìn kò fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń fi àmì sí àyè rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Lugard so gúúsù àti àríwá pọ̀ tó pè wọ́n ní Nàìjíríà. Ìlú tó ń dárúkọ gbogbo ẹ̀yà ara lójú àwọn ìjòyè rẹ̀ lọ́jọ́ Òkè'bàdàn ti wá bọ́ sábẹ́ ìlú tí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo lè mú mì.

Ọ̀rọ̀ náà bá wọn wọ Ìbàdàn. Rélùwéè dé ìlú náà ní 1901, ọ̀gá iṣẹ́ dé, ọ̀gá ṣọ́jà dé, àwọn ọ̀gá yìí sì ń fi "bloody fool" pe lébìrà láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹnu wa kì í so kọ́nsónáǹtì pọ̀, nítorí náà ó di bùlọ́dífúù. Bó ti gba fáwẹ́lì tuntun náà ni májèlé rẹ̀ dà nù. Kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́, kò sí Ọlọ́run tí wọ́n fi búra. Bàbá àgbà lè fi pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó da omi sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni "bástáàdì" ṣe ń jáde ní gáréèjì láìṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, nígbà tí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó dúró fún ohun kan náà lè fa ọ̀bẹ yọ. Hausa náà ta tirẹ̀ sí i. Láti ìgbà tí Sábó, àdúgbò àwọn Hausa, ti wà, ní 1916, ẹnu ará Sábó àti ẹnu ará Mọ̀kọ́lá ti ń fara kan ara wọn. Ohun tí "ṣégè" jẹ́ ní èdè Hausa, ẹ̀gàn lórí ìbí ènìyàn ni. Lẹ́nu tiwa, ó ti di ohun tí ojú ènìyàn ń rí nígbà tí ayé bá le: "ojú mi rí ṣégè". Èébú wọlé, ó jáde gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìyà.

Mo fara mọ́ gbogbo àyálò yìí, ṣùgbọ́n ohun kan ń dùn mí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ ní Ògùnpa báyìí ti ń kó ọ̀rọ̀ fíìmù Amẹ́ríkà sẹ́nu, ọ̀rọ̀ kúkúrú kan tí wọ́n ń sọ sí ènìyàn, sí ọkọ̀, sí òjò, sí iná mànàmáná tó lọ. Ọ̀rọ̀ tó bá gbogbo nǹkan mu kò wo nǹkankan. Kò mọ̀ bóyá ẹni náà ga tàbí ó kúrú, kò mọ òpó Mápó. Ẹni tó ń lò ó kò tíì la ojú kó tó la ẹnu. Mo fẹ́ kí wọ́n bú ara wọn dáadáa.

Ẹni tó mọ bí a ṣe ń gba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ onígẹ̀ẹ́sì ni olóṣèlú Adégòkè Adélabú. Wọ́n bí i ní Ìbàdàn ní 1915, ó mọ ìwé dé òpin, ó sì mọ èdè ọjà. Ìtàn tí gbogbo ìlú mọ̀ ni pé ó ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ńlá bẹnu àtẹ́ lu àwọn alátakò rẹ̀, ló bá ní ọ̀ràn náà jẹ́ "peculiar mess". Àwọn èrò rẹ̀ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mú ohun tí etí wọn gbọ́, wọ́n fi í ṣe orúkọ rẹ̀: Pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì. Ọ̀rọ̀ tó fi bú ẹlòmíràn ló padà wá di oríkì fún un, wọ́n sì ń fi yìn ín. Nígbà tí jàǹbá ọkọ̀ pa á lójú ọ̀nà Èkó ní 25 oṣù Kẹta ọdún 1958, kò ju ọmọ ọdún 42 lọ, ìlú sì dàrú, ẹ̀mí ṣòfò. Orúkọ náà kò kú. Wọlé Ṣóyínká fi í sí àkọlé ìwé kan tó kọ lórí Ìbàdàn ní 1994.

Ìgbà òṣèlú yẹn ni mo rò pé èébú Ìbàdàn kọ́kọ́ kúrò ní ìwọ̀n. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú alákùkọ ń kọrin bú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ọlọ́pẹ, àwọn ọlọ́pẹ ń dá a padà, àwọn tó ń kọ ọ́ sì gbọ́n gidi. Ṣùgbọ́n orin òṣèlú kò ní ọjọ́ tí yóò tán. Wọ́n kọ ọ́ láàárọ̀, wọ́n kọ ọ́ lálẹ́, wọ́n kọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ẹni tí wọ́n ń bú, títí ọdún 1965 fi dé, tí wọ́n ń da epo bẹntiróòlù sára ilé àti ènìyàn tí wọ́n ń pè é ní wẹ́tíẹ̀. Lónìí, abala 88A nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn wa sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti kọ orin, tàbí láti ta àwo orin, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè ru apá kan ìlú sókè. Mo mọ ìdí rẹ̀, n kò sì bá a jà. Àmọ́ òfin náà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín orin tó ní ọjọ́ àti orin tí kò ní.

Ìyàtọ̀ yẹn, àwọn mìíràn nílẹ̀ adúláwọ̀ mọ̀ ọ́n. Ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, òru Èfẹ̀ ló ń ṣáájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Akọrin á fi ohùn tú àṣírí oníwà ìbàjẹ́ láàárín ìlú, ilẹ̀ á sì mọ́. UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn ìṣúra ayé ní 2001. Ní Techiman, ní Ghana, Rattray tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wo ọdún Apo, ó sì kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1923: ènìyàn lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nígbà ọdún náà, títí kan ọba. Àlàyé tí àgbà kan ṣe fún un ni pé ìkórìíra tí a gbé mì a máa mú ọkàn ẹni tó gbé e mì àti ọkàn ẹni tí a kórìíra ṣàìsàn, nítorí náà a ní láti tú u jáde kí àwọn méjèèjì lè sinmi. Àgbà Techiman àti Abọkẹ̀ ì bá gbọ́ra wọn yé.

Òǹkọ̀wé Oládèjọ Òkédìjí náà mọ èébú. Nínú ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Àjà Ló Lẹrù, tó jáde ní 1969, bí Lápàdé àti Tàfá Ìgírípá ṣe ń sọ̀rọ̀ síra wọn, èébú ni ìdajì rẹ̀, ìfẹ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ka ìwé náà yóò mọ̀ pé àwọn méjèèjì lè kú fún ara wọn. Èébú tó wà láàárín ẹgbẹ́ máa ń rí bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn: ẹni tí wọn kò bú rárá, tí wọ́n ń kí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ nígbà gbogbo, àlejò ni.

Ní báyìí, wọ́n ń fi fóònù gba orin Òkè'bàdàn sílẹ̀, ó sì ń dé Lọ́ńdọ̀nù kí ọjọ́ tó tán. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ọ̀hún ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bi ìyá wọn ní ìtumọ̀. Mo fẹ́ kí ìyá náà sọ ìtumọ̀ fún wọn, gbogbo rẹ̀, kó má sì gbàgbé èyí tó ṣòro jù láti gbà sílẹ̀ lórí fóònù. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ọdún bá ti mọ́, tí wọ́n dá iná, tí Ọjà'ba ṣí, orin náà ti parí. Ẹni tó bá tún dúró ní ojúde aládùúgbò rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tó gbé orin àná sẹ́nu, tó sì dárúkọ ẹni tó dárúkọ lánàá, ó ti bú onílé, onílé sì lè mú un lọ sọ́dọ̀ baálé. Kò ní ṣeé ṣe fún un láti sọ pé òkè ló rán òun.